Obìnrin Tó Bá Mi Gun Òkè

Ọjọ́rú, 3 oṣù Keje

Merapi, òkè oníná wa, mọ́ kedere láàárọ̀. Èéfín funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fì sí ìwọ̀ oòrùn. Òtútù mú.

Dókítà Prameswari fi àwòrán ọkàn mi hàn mí lójú ẹ̀rọ, ó ń fi bírò tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ki wáyà kékeré kan bọ iṣan ọkàn mi lóṣù Kẹrin kí ẹ̀jẹ̀ lè máa kọjá. Ó ní ibẹ̀ ti jinná dáadáa. Mo bi í nípa ìgbà tí mo lè padà sí Kaliurang, ọ̀nà tó gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Ó ní n kò ní gun òkè yẹn mọ́. Kẹ̀kẹ́ kò burú, ó tiẹ̀ fẹ́ kí n máa gùn ún lójoojúmọ́, àmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èémí mi má ga. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní òun mọ àwọn ọkùnrin tó máa ń sọ pé àwọn ti gbọ́.

Mo bá Ngatiman ní yàrá ìdúró. Irú wáyà kan náà ló wà nínú iṣan ọkàn tiẹ̀. Ó lé lọ́dún kan tí kò ti gun kẹ̀kẹ́ mọ́. A wo ara wa bí ọmọ iléèwé méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá àgbà. Ó bi mí bóyá àwọn ará Jago Lereng, ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ tí a jọ dá sílẹ̀, mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ mi. Mo ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni mo sọ fún wọn. Ó ní orúnkún ni òun sọ. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, a sì gbà láti pa á mọ́ fún ara wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Keje

Mo gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹrin. Àárín oko ìrẹsì ni mo gbà, kí ẹni tó mọ̀ mí má baà rí mi. Mo wọ aṣọ eré, mo dé akoto, mo wọ bàtà tó ń so mọ́ pẹ́dàlì, mo wá ń lọ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ìyá kan tó ń kiri tófù kọjá mi lórí kẹ̀kẹ́ irin, garawa méjì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró láti bi mí bóyá táyà mi ló jò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo dé oríta, mo gbọ́ ìró ṣéènì àwọn Jago Lereng tó ń bọ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ mi sí ẹ̀yìn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo lóṣòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kọjá. Èmi, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Keje

Ata wẹ́wẹ́ ti wọ́n. Ning, ìyàwó mi, ní òun ò ní fi sí ọbẹ̀ mọ́ àfi bí àlejò bá wá. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Keje

Ning ní kí n bá òun àti àwọn obìnrin àdúgbò jáde lọ́jọ́ Àìkú. Kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ ni wọ́n ń gùn, èyí tó wúwo bí ibùsùn. Wọ́n á wọ aṣọ ìbílẹ̀ onílà, wọ́n á máa wọ́ lọ títí dé Bantul, wọ́n á mu ọbẹ̀ soto, wọ́n á sì padà wálé nígbà tí oòrùn bá ti mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Iṣẹ́ wo, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì?"

Lórí fóònù, orúkọ mi ti wà nísàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn Jago Lereng. Ètò tí gbogbo wa fi sórí fóònù yẹn máa ń tò wá bí ọmọ iléèwé: ẹni tó gun òkè jù, ẹni tó yára jù. Boni, olórí wa, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣé kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó pósí Pak Maji, bí wọ́n ṣe ń pe èmi àgbà láàárín wọn, ni. Gbogbo wọn fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Èmi náà fi ẹ̀rín sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Keje

Ó wù mí kí n fo ọjọ́ òní, ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, kí ni mò ń kọ ìwé yìí fún?

Joki ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. O máa gbé fóònù rẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, yóò bá ọ sáré tàbí kó bá ọ gun kẹ̀kẹ́, orúkọ tìrẹ ni ẹ̀rọ yóò sì kọ. Wọ́n ń polówó ara wọn ní gbangba bí ẹni ń polówó aṣọ. Yuniar ni mo rí. Ó ti fi kẹ̀kẹ́ díje fún ìpínlẹ̀ rí, ó ti wá di ìyá ọmọ méjì. A pàdé nídìí òkè. Mo ní kó má yára jù, kó ṣe bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ó bi mí pé báwo ni irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń gùn ún. Mo ní kó máa sinmi lójú ọ̀nà. Ó ti fóònù mi bọ àpò ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Mo jókòó sẹ́yìn búkà kan, mo ń mu tíì atalẹ̀, mo kọjú sí ògiri.

Nígbà tó padà dé, ó ní, "Mo rọra lọ o, Pak. Mo tiẹ̀ dúró ra àgbàdo sísun." Mo wo fóònù. Mi ò yára gun òkè yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, àní nígbà tí mo wà lọ́mọ ogójì ọdún.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Keje

Ìkíni ń wọlé láti àárọ̀. Boni ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti wá di oògùn agbára, níbo ni wọ́n ti ń tà á?

Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní ilé ìṣọ́ òkè oníná, tí mò ń kọ èéfín àti ìmìtìtì sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru, n kò kọ nọ́ńbà kan rí tí ojú mi kò rí. Nígbà tí ìkùukùu bá bo Merapi, mo máa ń kọ ọ́ pé ìkùukùu bò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń fi nọ́ńbà àná kún tòní. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ mi. Mo rántí ojú rẹ̀ lónìí bí mo ṣe ń ka àwọn ìkíni náà. Mo sì tún wọn kà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Keje

Yuniar tún bá mi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó rọra gan-an. Boni kọ ọ́ pé ó dà bíi pé ó ti ń rẹ Pak Maji. Inú bí mi sí Yuniar títí dìgbà tí mo délé.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Keje

Ìyàwó Boni bá Ning pàdé níbi àjọ àwọn obìnrin, ó bá a yọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti padà sórí òkè bí ọ̀dọ́.

Ning wọlé, kò tú ìborùn rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Bàbá Galih, èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn lóṣù Kẹrin. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé. Tó bá jẹ́ pé kíkú ló wù yín, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo máa sọ fún ọmọ yín ní Surabaya."

Ọ̀rọ̀ tí ìbá mú ìbẹ̀rù rẹ̀ kúrò wà lẹ́nu mi. Kò ju kí n sọ pé kì í ṣe èmi, obìnrin kan ni mo sanwó fún. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní, "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Ó lọ wọ yàrá.

Mo yàn kí ó máa bẹ̀rù dípò kí ó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i lójú.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Keje

Ning ti ti yàrá kẹ̀kẹ́ mi pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí mo bá húkọ́, yóò dá ohun tó ń ṣe dúró, á tẹ́tí. Láàárọ̀ yìí, nínú balùwẹ̀, inú táwẹ́lì ni mo húkọ́ sí.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Keje

Òtútù gan-an. Èéfín òkè kò pọ̀.

Mo ní kí Ning jẹ́ kí n bá wọn lọ. Kẹ̀kẹ́ irin bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fún mi. Obìnrin mẹ́fà, èmi nìkan ni ọkùnrin. Bu Giyem, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣáájú, ohùn rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀yìn tì. A ò tíì kúrò ládùúgbò tí mo ti lọ jìnnà síwájú wọn. Mo dúró dè wọ́n. Mo tún lọ jìnnà. Bu Giyem pariwo pé ṣé mo fi iná sílẹ̀ nílé ni. Òmíràn ní rárá, ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń gbọ̀n mí. Ning kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Àyà mi ló ń wò.

N kò mọ̀ pé ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti rọra lọ. Kẹ̀kẹ́ á máa mì, ọwọ́ á máa wá ohun tí yóò ṣe, ẹsẹ̀ á máa tì ọ́. Àwọn obìnrin yìí ń sọ̀rọ̀ lórí tiwọn bí ẹni jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ń sọ ti ìyàwó ọmọ tí kò mọ ìrẹsì sè, ti iye tí wọ́n ń gbà yọ eyín báyìí. Agbo pẹ́pẹ́yẹ kan ń sọdá ní ẹ̀gbẹ́ odò, gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Mo ń retí kí ẹnìkan kígbe mọ́ ẹni tó ń dà wọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, Bu Giyem bi í bóyá àwọn kan nínú wọn wà fún títà. Ó ní ó wà. Wọ́n ná an pẹ́. Kò rà.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi dẹ́kun jíjà. Òórùn ìrèké ń ti ọ̀nà ilé iṣẹ́ ṣúgà wá. Wọ́n ń sun koríko ìrẹsì. Nígbà tí a yíjú sílé, Merapi wà níwájú wa láti ẹsẹ̀ dé orí, aláwọ̀ búlúù, ojú ọ̀nà gbogbo sì dà bíi pé ó ń lọ bá a. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sáré lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, táyà ẹni tó wà níwájú mi ni mò ń wò. Èmi, ẹni tó jẹ́ pé wíwò ó ni iṣẹ́ rẹ̀.

Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ojú Ning tó ti ń rọ̀. Ó rò pé mo ń ronú pìwà dà nítorí òkè tó rò pé mo gùn. Kò mọ ohun tí mo ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹjọ

Ngatiman pè mí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọkọ ìyàwó. Ó ti ń wo gbogbo ìgbà tí mo gun òkè lórí fóònù. Ó ní wáyà kan náà, dókítà kan náà: bí Maji bá lè ṣe é, kí ló ń ṣe òun? Ó ti ra táyà tuntun. Ó ti bá Boni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú òun yóò bá wọn gun Kaliurang. Ó ní ó lé lọ́dún kan tí òun ti ń jókòó sílé bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ibojì, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Mo rán an létí ohun tí dókítà sọ. Ó ní, "Ṣé kò sọ ọ́ fún ìwọ náà ni? Àbí ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún ní ọkàn?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹjọ

Mo lọ sílé Ngatiman láti sọ òtítọ́ fún un. Ó wà nínú àgbàlá, ó ń fi epo sí ṣéènì. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀gẹ́ díndín jáde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní láti ìgbà tí mo ti padà sórí òkè ni ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Mo sọ fún Ngatiman pé atẹ́gùn yóò pọ̀ lọ́la. Mo ní ọ̀nà ti bàjẹ́ nísàlẹ̀ òkè. Ó ní ẹ̀rù ń bà mí pé òun yóò kọjá mi. Mo mu tíì mi tán, mo padà sílé.

Ning ń gé ewébẹ̀. Mo dúró sí ibi tí òun náà dúró sí lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́ tán. Yuniar, fóònù, búkà, ògiri. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Obìnrin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Ohun tí mo ti ń sá fún nìyẹn, ó sì rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rò pé yóò rí. Ẹ̀rín náà wá dúró. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ìyàwó Boni ti bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ti ń tẹ́tí sí èémí yín. Ẹ̀ ń wò mí. Ẹ sì fi mí sílẹ̀ kí n máa tẹ́tí sí i."

Mo sọ ti Ngatiman fún un. Ó ní kí n padà lọ síbẹ̀ lọ́gán. Mo ní lọ́la, níbi tí wọ́n ti ń gbéra, níwájú gbogbo wọn, nítorí pé bí mo bá sọ ọ́ fún Ngatiman nìkan, kò ní gbà mí gbọ́. Bóyá ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Bóyá alẹ́ kan sí i ni mo fẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹjọ

Wọ́n tó mẹ́wàá níwájú búkà náà, èémí wọn ń rú bí èéfín. Aṣọ ẹgbẹ́ àtijọ́ ni Ngatiman wọ̀, ó fún un mọ́ ikùn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Boni rí kẹ̀kẹ́ irin tí mo gùn wá, ó ní ṣé mo fẹ́ fi èyí dójú tì wọ́n ni, kí Ngatiman kàn so mọ́ mi lẹ́yìn kí n fà á gòkè.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo gun òkè yẹn. Joki ni mo sanwó fún. Ọkàn ló ń ṣe mí, kì í ṣe ibà. Ọkàn ló ń ṣe Ngatiman náà. Ẹ má jẹ́ kó gòkè."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Tèmi nìkan ni mo fẹ́ sọ. Àṣírí ẹlòmíràn ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi, mi ò sì mọ̀ títí mo fi rí ojú rẹ̀.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró. Ọ̀dọ́ kan bi mí pé joki wo, mo dárúkọ rẹ̀, ó ní obìnrin yẹn dára. Boni bọ́ akoto rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀. Ó wá sọ fún Ngatiman pé kó má bínú, òun kò lè mú un lọ.

Ngatiman kò pariwo. Ó wá dúró sítòsí mi bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sùn dáadáa, Maji." Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó gba ìsàlẹ̀ lọ.

Àwọn yòókù gòkè. Mo dúró síbẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ṣéènì wọn mọ́. Ngatiman wà láàyè. Mo sọ ọ́ fún ara mi lójú ọ̀nà, kò sì tù mí nínú.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Kẹjọ

Boni ti yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Yuniar kọ̀wé pé ṣé mo fẹ́ kí òun bá mi gùn ún ní Àbámẹ́ta. Mo ní rárá, mo dúpẹ́.

Ngatiman kò gbé fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹjọ

Mo bá àwọn obìnrin lọ. Ìtàn náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti ga díẹ̀ lórí afárá. Níbẹ̀ ni Bu Giyem ti na fóònù rẹ̀ sí mi pé, "Pak Maji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé òkè." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé méjì nínú wọn fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ning rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Mo gba fóònù náà, mo gbé e dé òkè afárá, mo dá a padà fún un. Ojú mi gbóná.

Ngatiman kò gbé fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ Òmìnira. Àsíá wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé díje tán nínú fífi ẹnu jẹ ìpékeré tí wọ́n fi okùn so rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kẹ̀kẹ́ tí ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń borí. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ọdọọdún ni mo máa ń wá ibi gbà lọ́jọ́ yìí. Mo máa ń sọ pé eré àwọn ìyá ni. Ning ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ láì bi mí. Àwọn ọ̀dọ́ ń kígbe pé joki, joki, wọ́n ń lu garawa.

Mo fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí n tó dé àárín ọ̀nà. Ning àti Bu Giyem nìkan ló kù. Wọ́n dúró sójú kan lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì, wọ́n ń bú ara wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bu Giyem ló borí. Pákó ìfọṣọ ni ẹ̀bùn rẹ̀.

Mo rí Ngatiman lẹ́yìn àwọn èrò. Ó ti lọ kí n tó débẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kẹjọ

N kò bá àwọn obìnrin lọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ irin lọ sẹ́nu géètì Ngatiman láàárọ̀ kùtùkùtù, mo dúró. Mi ò kanlẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó tún wọlé padà. Oòrùn là. Mo rò ó pé kí n máa lọ.

Ngatiman jáde pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bàtà sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ẹ̀wù ilé lọ́rùn. Kò kí mi. Ó yí sí apá gúúsù, síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Mo tẹ̀ lé e.

Ara rẹ̀ ti gbàgbé kẹ̀kẹ́. Ó ń lọ bí ẹni tó ń wọn ọ̀nà láti òsì dé ọ̀tún. Bu Giyem ìbá ti kọjá rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ láti rọra tó, ó ṣì yá jù fún un. Lẹ́ẹ̀mejì ni táyà iwájú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiẹ̀. Ọ̀nà ṣófo, ẹsẹ̀ mi sì ń bẹ̀ mí. Mi ò kọjá. Ó dúró láti mí lórí afárá, ó di irin mú, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó gbéra, mo gbéra. Wọ́n ń da omi sí oko ìrẹsì. Ọkùnrin kan tó ń tún ọgbà rẹ̀ ṣe kí wa, èmi nìkan ni mo dáhùn.

A ti kọjá ọjà kí ó tó sọ̀rọ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ lo wà lẹ́yìn yẹn, àbí o rán ènìyàn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òun nígbà náà, nítorí pé òun kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa wo ẹ̀yìn òun.

Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí, mi ò wò ó. Ọ̀nà náà fẹ̀ tó fún wa.